Adìẹ Tó Sàba Nínú Mọ́tò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò ní jí, ó wá ké gììì, ó gbéra. Kò dúró níbì kankan, àfi orí Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń ta mọ́tò àlòkù, àti ìyá ńlá adìẹ wa tó wà nínú àgò yẹn."

"Bàbá Àgbà, adìẹ wa yìí náà?" Ṣubúọlá bèèrè.

"Òun náà. Ìdílé ńlá ni. Bí ẹ bá ń lé e nídìí ọkà, ẹ máa fi ọ̀wọ̀ lé e."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn jọ ń nájà, Àwẹ̀ró ń mọ ìkòkò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ bí i rẹ̀. Bó bá fi ìka kan ìkòkò, kó! a dún bí agogo. Bí ọ̀kan bá dún bùù, ó ti sán nínú nìyẹn, Àwẹ̀ró a sì fọ́ ọ fúnra rẹ̀. Kì í ta ìkòkò tó dún bùù fún ẹnikẹ́ni, kódà kì í tà á fún ìyakọ rẹ̀.

Orí ló fi ń ru ìkòkò lọ sọ́jà, ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ọrùn rẹ̀ ti ń sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́ta ló fi kó owó mọ́tò akẹ́rù jọ. Bí owó yìí bá bọ́ sínú mọ́tò tí kò lè rìn, iṣẹ́ parí nìyẹn, torí ọrùn ò ní dúró de ọdún mẹ́ta mìíràn.

Ó gbéra, ó di ọgbà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó gbé ìkòkò ńlá kan rù, torí kì í rìn lófìfo.

Mọ́tò kan wà níbẹ̀ tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kùn lọ́dà pupa. Ó kùn ún títí kan gíláàsì.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá wa!" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìrù rẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀.

"O kun gíláàsì náà?"

"Nítorí oòrùn ni, ìyá wa. Àná ni mo wà á ti Ṣakí dé. Tìtorí yín ni mo ṣe fẹ́ tà á lówó pọ́ọ́kú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ gbè é fún mi:

"Mọ́tò mi rèé, àná ló ti Ṣakí dé,"

"Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ̀!"

"Òkè kan ò dá a dúró lọ́nà,"

"Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ̀!"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń jókòó nínú rẹ̀,"

"Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ̀!"

Ó mú wáyà méjì tó yọ síta níwájú, ó fi ọ̀kan kan èkejì. Fèrè mọ́tò ké: pẹ̀ẹ́ẹ̀! pẹ̀ẹ́ẹ̀!

"Ó dáa," ni Àwẹ̀ró wí. "Jẹ́ kí n kàn án."

"Ẹ fẹ́ kan kí ni?"

"Mọ́tò."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá oníkòkò, mọ́tò kì í ṣe ìkòkò o!"

"Ohun tó bá máa ru ìkòkò mi, màá kàn án."

Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó kan ibi ẹ́ńjìnnì. Bùù!

"Bí àgbà ṣe ń dún nìyẹn," ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí.

Ó kan ẹ̀yìn. Bùù!

"Ìwà pẹ̀lẹ́ ni."

Ó kan ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Kó, kó, kó!

Ohùn kan dáhùn nínú mọ́tò: "Ta nìyẹn? Ẹ rọra o, àwọn ọmọ ń jáde lọ́wọ́!"

"Yéè!" ni àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ pariwo.

"Ẹ má pariwo," ni Bàbá Àgbà wí. "Adìẹ ò pariwo ní tirẹ̀."

"Ìwọ ta ni?" Àwẹ̀ró bèèrè.

"Èmi Adìẹ ni. Orí ìjókòó dírẹ́bà ni mo ti ń sàba. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún."

"Háà. A jẹ́ pé ẹ jọ lọ sí Ṣakí lánàá?"

"Ṣakí wo, ìyá? Mọ́tò yìí ò kúrò lójú kan. Koríko ti gba ihò ìsàlẹ̀ wọlé wá kí mi."

"Adìẹ nínú ọgbà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀! Ṣé orí rẹ pé?"

Adìẹ na ọrùn sókè. "Ó pé dáadáa. Gbogbo ìlú yìí ni mo rìn, mo ń wá ibi kan ṣoṣo tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kì í jókòó sí. Ibí yìí ni mo rí."



Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbàgbé títà, ó rántí jíjẹ. Ó fo mọ́ ilẹ̀kùn, ó fà á. Ọwọ́ ilẹ̀kùn já sí i lọ́wọ́. Ó sáré lọ sí òdìkejì, ó fà á. Ìyẹn náà já. Mọ́tò tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni láti ọdún yìí wá, ọjọ́ yẹn ló wúlò.

Àwẹ̀ró ti ti ẹnu ìkòkò sábẹ́ ihò ìsàlẹ̀ mọ́tò. Adìẹ bọ́ sínú rẹ̀, ọmọ mọ́kànlá tẹ̀ lé e, pì, pì, pì. Àwẹ̀ró gbé e rù, ó ń yan lọ.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní òun á fi mọ́tò lé wọn. Ó fọ́ gíláàsì, ó bẹ́ wọlé, ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ̀rẹ̀... Ó tún yí i. Kẹ̀rẹ̀... Láti inú ìkòkò ni Adìẹ ti ń kọrin padà sí i:

"Mọ́tò rẹ̀ rèé, kò mọ ọ̀nà Ṣakí,"

"Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ̀!"

"Ẹni tó ni ín ò jókòó nínú rẹ̀ rí,"

"Kẹ̀rẹ̀jẹ̀ǹjẹ̀!"

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró gbé Adìẹ dání lọ sọ́dọ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí òun náà ní mọ́tò àlòkù kan. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, ilẹ̀kùn kan ní àwọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

"Kò rẹwà," ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí. "Bó bá gun òkè, ó máa ń fẹ́ sinmi. Èmi náà rí bẹ́ẹ̀."

Adìẹ wọlé, ó gun orí ìjókòó dírẹ́bà. Ìjókòó náà ti jin bí odó. Ó jókòó, ó dìde.

"Mi ò lè sàba níbí," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń jókòó síbí."

Àwẹ̀ró kan ilẹ̀kùn. Kó! Ó sanwó.

Mọ́tò yẹn ru ìkòkò títí, ẹyọ kan ò sán. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà: ADÌẸ TI YẸ̀ Ẹ́ WÒ. Adìẹ fúnra rẹ̀ a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró, a yọ igẹ̀ síta, kò ní wo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Iṣẹ́ náà sì di ti ìdílé. Títí dòní, bí adìẹ bá rí mọ́tò tó ń bọ̀, ó máa ń sáré kọjá níwájú rẹ̀. Ó ń yẹ bíréèkì wò ni.

"Bí bíréèkì ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, Bàbá Àgbà?"

"Ọbẹ̀ ni."

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹni tó bá fẹ́ ra ohun àlòkù, kó fi ẹnu ẹni tó ń tà á sílẹ̀, kó bi ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Kó má sì tijú láti kàn án.

"Ibi tí mo páàkì àlọ́ mi sí nìyí. Bí mo bá purọ́, kí fèrè ẹnu mi má ké: pẹ̀ẹ́ẹ̀! pẹ̀ẹ́ẹ̀!"

"Ó ké! Ó ké!" ni àwọn ọmọ wí.

Ṣubúọlá nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. "Bàbá Àgbà, fèrè mọ́tò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ké."

Bàbá Àgbà na ọrùn sókè bí Adìẹ.

"Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ra mọ́tò," ó ní, "ọmọ mi yìí ni màá mú dání. Ẹ jẹ́ kí adìẹ sinmi."