Òòyà Akáyín

Láti ọdún tí orí Àwẹ̀ró ti ń pá ló ti ń gba oògùn lọ́wọ́ oníṣègùn, tó ń fi ra orí láàárọ̀ àti lálẹ́ láìyẹsẹ̀. Oògùn náà jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò jẹ́ dọ́gba. Irun ìpàkọ́ kún bí oko tí a kò ro, ti ọ̀tún hù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iwájú òsì sì ń dán bí igbá.

Lọ́jọ́ kan, inú bí i. Ó gba ilé Àyọ̀ká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ẹni tó máa ń di ṣùkú fún un lábẹ́ igi ìyeyè nígbà èwe wọn, tí ìyá wọn á máa dárin, tí òórùn òróró àgbọn á gba agboolé kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fá a kodoro. Kí ni mo fẹ́ fi irun tí kò pé ṣe?"

"Ṣé ọkọ rẹ ti kú ni, tí o fẹ́ fárí? Gbé òòyà wá jàre!"

Àwẹ̀ró mú òòyà onígi tí ìyá wọn fi sílẹ̀ jáde nínú àpò. Eyín rẹ̀ ti ká níwájú.

"Èyí náà kò pé," ni Àyọ̀ká wí. "Jẹ́ kí n jù ú síná."

Àwẹ̀ró já a gbà. "Òòyà ìyá wa! Háà, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ìyá tó ni òòyà yẹn náà ló bí orí yẹn."

Àwẹ̀ró jókòó sáàárín orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bíi ti àtijọ́, ó sì na òòyà sí i lẹ́yìn. Àyọ̀ká dá orin ìyá wọn, Àwẹ̀ró sì gbè é.