Ọ̀kẹ́rẹ́ Yí Orúkọ Ọmọ Rẹ̀ Padà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ gbóhùn sókè, àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ ooo!

Ẹn-ẹ́n. Ìbídùn, kúrò lẹ́yìn ìyá àgbà, wá síbí kí o lè gbọ́. Àlọ́ mi dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ àti àgbàdo ìlú.

Ní ìgbà kan rí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Gbogbo ẹranko kó ìwọ̀nba àgbàdo tó kù nílé wọn sínú àká kan. Erin, ọba wọn, ní, "Kò pọ̀ o. Ṣùgbọ́n tí a bá rọra ná an, yóò gbé wa dé ìgbà ìkórè. Ìlú nìkan ni kí ẹ ná an fún."

Wọ́n fi Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣọ́ ọ, torí ó mọ oúnjẹ tọ́jú. Ọ̀kẹ́rẹ́ búra.

Ó délé, ó pe ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. "Àjàmú, láti òní lọ, Ìlú lorúkọ rẹ."

Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu. "Baálé mi, kí ló dé?"

"Ìwọ ṣáà gbé ìkòkò kaná."

Ẹ ò rí ọ̀bàyéjẹ́! Ojoojúmọ́ ló ń bu àgbàdo lọ sílé fún Ìlú. Bàbá Ìlú àti ìyá Ìlú ń bá a jẹ.

Nígbà tó yá, Etu dé ìdí àká. Opó ni, ó sì ń tọ́mọ lọ́wọ́. "Bàbá Àjàmú, ẹ dákun, ẹ bu díẹ̀ fún mi. Ọyàn mi ti gbẹ."

"Ó mà ṣe o. Mo ti ná an fún Ìlú."

Etu padà sílé, ó gbé omi lásán kaná, ó ń rọ ọmọ rẹ̀ pé kó máa sùn, oúnjẹ ń bọ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá débí yìí.

Ẹjọ́ dé iwájú Erin. Ọ̀kẹ́rẹ́ fọwọ́ sọ̀yà. "Kábíyèsí, Ìlú ni mo ná an fún!"

Àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe pariwo látilé: "Ìlú o! Wá jẹun!"

Àwọn ẹranko wo ara wọn. Erin rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Kànga wa ti gbẹ, a sì ti fẹnu kò pé ìlú ni yóò gbẹ́ òmíràn. Kí Ìlú máa bọ̀ lọ́la."

Lówùúrọ̀, Ìlú kékeré dé, ọkọ́ ga jù ú lọ. Inú rẹ̀ ń dùn pé ọba pe òun. Ó gbẹ́lẹ̀ títí, ilẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ bó. Ó bojú wẹ̀yìn. "Bàbá, ṣé èmi nìkan ni?"

Omijé bọ́ lójú Ọ̀kẹ́rẹ́. Kó tó dìde, Etu ti gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọkọ́. "Lọ jókòó síbòji, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀." Ló bá ń gbẹ́lẹ̀, tòun tebi.

Áà! Ìtìjú yẹn ju ẹgba lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré kó àgbàdo tó ṣẹ́kù jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, ìyá. Ẹnu ọmọ yín ni mo ti gbà á jẹ."

Wọ́n gba àká lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún Etu. Etu lọ àgbàdo, ó po ẹ̀kọ tó ṣàn kó lè kárí. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ bù fún, ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì wà láàárín wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló gba tirẹ̀ kẹ́yìn, kò lè gbójú sókè.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọdé, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dijú bí ẹni tó ń sùn. Bó jẹ́ owó oúnjẹ ilé, bó jẹ́ tìlú, ẹni tí a bá fi ṣọ́ ọ, kó má fi orúkọ wa jẹ ẹ́. Èyí tí kò tó, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa jù. Bí irọ́ bá wà ńbẹ̀, kí ahọ́n mi wúwo títí ilẹ̀ á fi mọ́.