Ẹ̀dà Tó Wà ní Ìlọrin

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá àwọn ènìyàn tọ́jú ìkànnì wọn lórí ayélujára. Ilé-ìwé, oníṣòwò, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ kí aráyé rí, inú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó ń gbé. Ó tún ní kọ̀ǹpútà kejì nínú yàrá kan tó gbà sí Ìlọrin. Ohun tó bá wọ ti Òṣogbo, ẹ̀dà rẹ̀ a wọ ti Ìlọrin. Ìlérí tó fi ń gba oníbàárà nìyẹn: "Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù yìí kanlẹ̀, ẹrù yín kò ní sọnù."

Nígbà tó yá, ìlú le. Dọ́là gbówó lórí, dísẹ́ẹ̀lì gbówó lórí, iná ìjọba wá di àlejò. Àwọn oníbàárà kan kó ẹrù wọn lọ, àwọn mìíràn kàn dákẹ́, wọn kò san mọ́. Ọkùnrin náà ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Síbẹ̀, kò tó.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ pe àwọn tó kù. Ẹ sọ fún wọn pé apá yín kò ká a mọ́. Ẹni tó bá lè fi nǹkan kún un, á fi kún un. Ẹni tí kò bá lè, kó wá kó ẹrù rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́."

Ó ní, "Ṣé kí n wá fẹnu ara mi tú ara mi láṣọ ni?"

Ó wá ohun tó lè gé tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bó bá pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá fi kún owó, wọ́n á pariwo. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo Ìlọrin? Ó fi yàrá náà sílẹ̀, ó ta kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ó rí dísẹ́ẹ̀lì rà. Ó mí kanlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tó kọjá àlà, ó sì jó kọ̀ǹpútà Òṣogbo. Àwọn atúnṣe yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣeé yọ nínú rẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ló tó pe àwọn oníbàárà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti ta kọ̀ǹpútà Ìlọrin. Obìnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù sọ fún un pé, "Ìyà ọ̀wọ́n tó ń jẹ ọ́, òun náà ló ń jẹ àwa. Ká ní o sọ ni, à bá dáwó jọ fún ọ."

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni àgbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá yìí ti rìn káàkiri abúlé rẹ̀, ó gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki oríkì agboolé wọn, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sí ìkànnì. Kò fi ẹ̀dà kankan pamọ́ sílé, nítorí ó gba ọkùnrin náà gbọ́.

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Màá wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ sí abúlé, kí ẹ tún ohùn wọn gbà."

Àgbà náà ní, "Kí n tún un gbà lẹ́nu ta ni? Gbogbo wọn ti kú."

Kò ṣépè. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tì. Ọkùnrin náà ṣì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wo ojú ẹni tó bá wọlé.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, mi ò mọ ohun tí àwọn ènìyàn kó sí ọ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ owó àjọ, ó lè jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ìgbà bá le, ẹ̀bi rẹ kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo jù, ké sí ẹlẹ́rù nígbà tó ṣì wà lórí rẹ. Ojú á tì ọ́, á sì kọjá. Má ṣe gé ibi tí ojú wọn kò tó, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fọkàn tán ọ sí.