Àlejò Tó Febi Pa Onílé ní Òkè-Ìrókò

"Àlejò tí kò dágbére ló ń febi pa onílé." Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò ní irọ́ ni. Àlejò tó jókòó tì wá, tó ń jẹ, tó ń mu, ni a mọ̀ pé ó lè jẹ onílé run. Èyí tó ti lọ ńkọ́? Ṣebí oúnjẹ ló fi sílẹ̀ fún wa? Báwo ni ẹni tí kò sí nílé mọ́ ṣe ń febi pa ènìyàn? Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ìrókò.

Ìyáàfin Ọ̀sìndèrò, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló dá ilé kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì. Màmá ni gbogbo ìlú ń pè é. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló ń pín ìbéèrè fún àwọn kékeré tó wà lórí tábìlì. Àmọ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ńlá yìí ń tọ́jú kò sí nínú rẹ̀. Inú àpótí irin kan ló wà, àpótí tó kún fún dísìkì, nínú yàrá kejì. Wáyà ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Àpótí náà ti gbó. Ó ń kùn bí ọlọ, ó ń gbóná, ó sì ń jẹ iná lásán.

Akínlolú ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ó kó gbogbo ohun tó wà nínú àpótí sínú dísìkì tuntun tó fi sínú kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀. Ó fa wáyà yọ, ó tú àpótí palẹ̀, ó sì nu àwọn dísìkì àtijọ́ mọ́ féfé kí wọ́n lè wúlò fún nǹkan mìíràn.

"Màmá, ó parí! Ẹ̀rọ yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan lọ."

"Ṣé o pa á, o tún un tàn wò?"

"Màmá! Èmi Akínlolú? Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ lọ sinmi."

Kò dán an wò. Iṣẹ́ tí a kò dán wò kò tíì parí. A kàn dìde nídìí rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ mọ́, ó tan ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ ti kún ẹnu géètì, àwọn mìíràn gun ọ̀kadà wá láti abúlé nínú ìrì. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́, alábòójútó tí àjọ onídánwò rán wá, ti jókòó. Ẹ̀rọ tàn, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sójú, ó sì dúró. Òbìrìkítí kékeré kan ṣáà ń yí lójú rẹ̀.

Akínlolú pa á, ó tún un tàn. Ibi kan náà ló dúró sí. Ó ní dísìkì tuntun ló bàjẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní wáyà dísìkì náà ni. Ó pààrọ̀ wáyà. Òbìrìkítí ń yí.

"Bí aago mẹ́sàn-án bá lù tí èyí kò ṣí," alábòójútó wí, "màá ti ibí pa. Àwọn ọmọ yóò dúró de ọdún tó ń bọ̀."

Ariwo ta. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ti sáré dé ojú fèrèsé. "Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀? Bàbá mi ní àṣemọ rèé! Lẹ́yìn èyí, ilé ọkọ ló kù!"

Màmá bọ́ síwájú. "Akínlolú, o ń pa á, o ń tàn án, o ń tú u. Kí lo rò pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ó kàn ń dúró ni."

"Ta ló ń dúró dè?"

Akínlolú sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ, èyí tó ti ń fojú fò láti àárọ̀. "Yéè! Àpótí ni! Àpótí àná ló ń dúró dè!"

"Èyí tí o ní kò mọ̀ pé ó ti lọ?"

"Kò mọ̀ lóòótọ́, Màmá. Mi ò sọ fún un!"

"Gbé àpótí padà kíá!" alábòójútó wí.

"Mo ti nù ún mọ́, sà. Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀."

Màmá pòṣé. "Àlejò ti dé ìlú rẹ̀, onílé gbé iyán kalẹ̀, ó ní òun ò ní bù ú àfi tí àlejò bá dé. Àlejò tí kò dágbére ló ń febi pa onílé! Ó yá, bá a dágbére!"

Akínlolú gba ọ̀nà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àtúnṣe wọnú ẹ̀rọ. Ó rí àṣẹ tó ní kí ẹ̀rọ má ṣílẹ̀kùn títí yóò fi so àpótí mọ́ra. Ó pa á rẹ́. Ó tún ẹ̀rọ tàn. Ó kọjá ibi tó ti ń dúró! Àwọn ọmọ hó yèè. Ó sì tún dúró.

"Kí ló tún dé?" Màmá bi í.

"Mo ti kó abọ́ àlejò kúrò, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì ń lọ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀."

Alábòójútó wo aago, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì dìde!" Ìbídùn ké láti ojú fèrèsé.

Akínlolú wá àdírẹ́sì àpótí rí, èyí tí ẹ̀rọ máa ń pè nígbàkúùgbà tó bá jí. Ó pa á rẹ́. Ó tún wo gbogbo kọ̀rọ̀ bóyá orúkọ àpótí ṣì kù síbìkan; kò sí. Ó tẹ bọ́tìnnì. Òbìrìkítí yí, ó yí, ó parẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ṣí! Àwọn kékeré ń tàn tẹ̀ lé e lórí tábìlì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ògiri ẹ̀yìn.

"Ó ti ṣí o!" Ìbídùn fò wọlé, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, ó jókòó kí aago tó lù.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò tán, alábòójútó gbé báàgì rẹ̀, ó rọra ń lọ sí ọ̀nà géètì. Ìbídùn ló rí i.

"Sà! Ẹ dágbére o, kí ebi má baà pa Màmá!"

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin náà yípadà, ó ṣí fìlà. "Màmá, ó dàbọ̀. Mo ti lọ o. Ẹ máa jẹun."

Àwọn ọmọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí abúlé wọn, ó sì di òwe. Ẹnu àlejò kọ́ ló run onílé níbẹ̀. Àyè rẹ̀ tí a kò palẹ̀ mọ́ ni. Ẹni tó bá ń lọ, kó wí. Ẹni tó bá gbé nǹkan kúrò, kó sọ fún ohun tó ń dúró dè é. Àlejò tí kò dágbére ló ń febi pa onílé.