Kókó Tó Wà Ní Ìbàdí Olùkọ́

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ ni ní yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ bíi tirẹ̀. Ọkọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n, má rò pé gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ ni ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n á fi ìka kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́, wọ́n á ní àwọn ti kí àgbà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá rí àgbà, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá ilé ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ ìyá tó ń gbálẹ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìyá àgbà tó bí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, nítorí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ìkókó.

Abúlé kan tí kò jìnnà sí yunifásítì ni ìyá àgbà yìí ń gbé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń rí àwọn ọmọ rẹ̀. Bí olùkọ́ bá dé, tó dọ̀bálẹ̀, ìyá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. "Àdìgún, Àdìgún mi, ọmọ arọra-wọlé-má-jí-olóorun." Bó ti ń kì í ni ọwọ́ ń rìn lọ, láti orí dé ọrùn, láti ọrùn dé ẹ̀yìn, títí dé ìbàdí. Ibi tí ọwọ́ bá dúró sí ni oríkì ń parí sí. Ìyá á wá sọ pé, "Ó pé. Dìde." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti kékeré rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ó sì di ẹni tí àwọn ènìyàn ń dìde kí, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú ilé náà rí kó má dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ wò ó bóyá ó pé.

Lọ́dún kan, àwọn olè ń dánà lójú ọ̀nà tó ti yàrá ìkàwé lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Igbó ti bo ọ̀nà náà, iná ibẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ yìí àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan jọ ń bọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ọmọ náà ń kọ, ni àwọn ọkùnrin kan bá yọ sí wọn. Wọ́n gba báàgì ọmọ náà, wọ́n sì fi ọ̀bẹ ya á lápá nítorí pé kò tètè fi báàgì sílẹ̀. Olùkọ́ ò ní nǹkan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di apá ọmọ náà, ó gbé e sáré dé ọsibítù. Ọmọ náà yè. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí olùkọ́ bá ti wo ọwọ́ ara rẹ̀, òfìfo rẹ̀ ló ń rí.

Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn káàkiri ọgbà. Àwọn kan ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹni rere náà ní ìbọn lábẹ́ aṣọ, kí olè má mọ ẹni tí òun máa bá pàdé." Àwọn mìíràn ní, "Ta ni yóò wá bá wa ya ẹni rere sọ́tọ̀?" Òfin ìlú náà ò kọ̀ kí ẹni tó gba àṣẹ ní ìbọn. Inú ọgbà yunifásítì nìkan ni ìbọn kò tíì wọ̀. Àwọn aláṣẹ wá ní kí wọ́n dán an wò. Kí olùkọ́ tó bá ti gba àṣẹ máa gbé ìbọn pélébé sábẹ́ aṣọ ná, títí di ọjọ́ tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yóò pé jọ láti pinnu bóyá yóò dúró bẹ́ẹ̀, àti bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò lè gbé e.

Olùkọ́ yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e. Má bá a wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ìbàdí ọ̀tún ló gbé ìbọn náà sí, nínú àpò awọ, bùbá sì bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá ń gba ọ̀nà igbó yẹn kọjá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: ìbọn kì í fẹ́ kí olówó rẹ̀ tẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá agbálẹ̀, bùbá sún sókè, ó yára fọwọ́ dì í mú, ó wá dúró ní ìlàjì bí àgbò tó fẹ́ kàn.

Ìyá agbálẹ̀ wò ó títí. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?"

"Ẹ̀yìn ni, Màmá."

"Àìsinmi ni. Ìwé ni ẹ ń gbé lórí, ẹ̀yìn ló ń rù ú."

Ní ọjọ́ kejì, ó bu òrí wá fún un nínú ike, ó ní kó máa fi pa á kó tó sùn. Olùkọ́ gbà á, ó dúpẹ́, ojú sì tì í. Láti ìgbà náà, bó bá rí àgbà lókèèrè, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń gbá mọ́ra, ọwọ́ ló ń nà sí wọn báyìí, á sì na ọwọ́ náà gbọọrọ, kí wọ́n má baà súnmọ́.

Ó wá di òpin ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ kí ìyá àgbà. Kò lè fi ìbọn sílé, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé. Kò lè fi í sínú mọ́tò, nítorí olè. Ohun tó gbé nítorí olè ti wá di ohun tó ń ṣọ́ lọ́wọ́ olè. Bí ìbọn ṣe bá a dé ilé ìyá nìyẹn.

Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń kì í. Ọwọ́ rìn dé ọrùn, ó rìn dé ẹ̀yìn. Olùkọ́ fẹ́ yí ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tètè yí i. Ọwọ́ ìyá dúró. Oríkì náà dúró.

"Àdìgún, kí lèyí tó le gbagidi báyìí?"

"Fóònù mi ni, Màmá."

Kò tíì pa ẹnu dé tán tí fóònù rẹ̀ fi dún, nínú àpò tó wà láyà rẹ̀.

Ìyá ò sọ pé irọ́ ni. Ó gbé ọwọ́ kúrò. "Dá wọn lóhùn, wọ́n ń pè ọ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde." Kò sọ pé ó pé.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ìyá bu ẹja tirẹ̀ kún ti ọmọ. Ó bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Ó bi í bóyá oúnjẹ ń wù ú jẹ. Ó ní kó sún mọ́ òun, kí òun gbọ́ bóyá àyà rẹ̀ ń lù dáadáa. Olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, kò sí nǹkan." Nínú mọ́tò, bó ṣe ń padà lọ, ó ń dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn ìyá.

Kò kúrò o.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn ńlá kún dé ẹnu ọ̀nà. Olùkọ́ wà lára àwọn tó máa sọ̀rọ̀ pé kí ìbọn dúró, ọ̀rọ̀ sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ ti ọ̀nà igbó. Ó sọ ti apá ọmọ náà, ọmọ náà sì jókòó níwájú níbẹ̀, ó gbé apá tó ní àpá lé itan. Olùkọ́ wá ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń gbé ìbọn kiri láàárín yín. Ta ló mọ̀? Mo ti bá yín jẹun, mo ti kọ́ yín níṣẹ́. Ta ló pa lára? Ohun tó fara pamọ́ kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ní, "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé pé ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́ fún wa rí ní kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń bá yín fa ọ̀rọ̀ máàkì mọ́." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tètè kú, bí iná tí wọ́n da omi sí.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbà ló wọlé, ìyá agbálẹ̀ ló fà á lọ́wọ́. Ìta ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ìyá àgbà béèrè ọmọ rẹ̀, ìyá agbálẹ̀ sì ní, "Áà, ẹ̀yin lẹ bí wọn? Ẹ̀yìn wọn ò dáa rárá, Màmá. Wọn ò lè tẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fún wọn ní òrí." Gbólóhùn yẹn ló pa ìyá àgbà lẹ́kún. Ìgò àgbo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi gèlè wé e kó má baà tutù.

Alága ìpàdé ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ta lẹ ń wá?"

Ìyá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀. Ó kàn mọ̀ pé ilé kún fún àwọn tó bá ọmọ òun ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú," ló wí. "Àdìgún ni mo bá wá. Kò ní gbọ́ tèmi, ó lè gbọ́ tiyín. Kókó kan wà ní ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún. Mo fọwọ́ mi kàn án. Ó le bí òkúta. Mo bi í, ó ní fóònù ni. Bàbá rẹ̀ àgbà ní irú ẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Bí mo bá bi í, á ní àpò tábà òun ni, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ni Àdìgún ń rín. Ìgbà tí a fi máa gbé bàbá dé ọsibítù, ó ti ju apá dókítà lọ." Ó gbé ìgò sókè díẹ̀. "Mo gbé àgbo wá, ṣùgbọ́n mi ò gọ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ dókítà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Màá tẹ̀ lé e lọ. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà."

Ó wá kúnlẹ̀ fún wọn, àgbàlagbà yẹn.

Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ọkọ mi, o mọ ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe bí ìyá rẹ̀ bá kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ilẹ̀ ló yẹ kó wà kí orúnkún ìyá tó kanlẹ̀. Olùkọ́ sáré dé iwájú rẹ̀, ó fẹ́ tẹ̀, ó sì dúró ní ìlàjì, ọwọ́ rẹ̀ lórí bùbá. Ibẹ̀ ni ohun tó sọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti padà bá a. Ta ló mọ̀? Ta ló pa lára?

Ó nàró. Ó pe olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Lójú gbogbo wọn, ó gbé bùbá sókè, ó tú àpò awọ náà, ó gbé e lé ẹ̀ṣọ́ náà lọ́wọ́. Àwọn tó jókòó níwájú fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn ti pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Olùkọ́ wá dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ pẹlẹbẹ.

"Màmá, ẹ dìde. Kì í ṣe kókó. Ìbọn ni. Mo ti yọ ọ́."

Ìyá ní, "Ta lo gbé e dè?"

"Àwọn olè, Màmá."

"Ṣé wọ́n ti fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, Màmá."

"Èmi ti fọwọ́ kàn án."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Nínú gbọ̀ngàn yunifásítì, níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọwọ́ rìn dé ọrùn, ó rìn dé ẹ̀yìn, ó dé ìbàdí. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún, ó tẹ̀ ẹ́ lósì, ó tún padà tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún.

"Ó pé," ló wí. "Dìde."

Ó ní ọmọ náà ò gbọdọ̀ fi àgbo òun ṣòfò, níwọ̀n ìgbà tí òun ti gbé e rìn. Olùkọ́ mu ún níbẹ̀, ojú rẹ̀ kó jọ, ìyá agbálẹ̀ sì ń ka iye ìgbà tó ń gbé e mì.

Wọn ò parí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ kì í parí lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣán igbó ọ̀nà yẹn kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n tan iná síbẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ kún ẹ̀ṣọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ yìí a máa dúró sẹ́nu yàrá ìkàwé kí àwọn ọmọ pọ̀, kí wọ́n tó jọ lọ. Ọmọbìnrin alápàá yẹn sọ fún un lójú ọ̀nà pé ẹ̀rù ṣì ń ba òun. Olùkọ́ ní, "Ó ń ba èmi náà." Ọmọ náà fi apá kọ́ ọ lápá, wọ́n ń lọ.

Ìwọ náà, ọkọ mi, inú mi dùn, eyín mi ò bò, pé ọmọ tí mo pọ̀n ti di ẹni tí wọ́n ń pè sí ìgbìmọ̀ ní yunifásítì. O ní wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, o sì ní ẹ̀rù ló jẹ́ kí o rò ó pé kí o gbé ọ̀kan. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó dáhùn, ro àwọn tí ọwọ́ wọn máa ń dé ìbàdí rẹ. Olè kì í fọwọ́ pa ni lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ ni, àwọn ọmọ rẹ tí ń gun ọ́ bí igi ni, ọ̀rẹ́ tó gbá ọ mọ́ra ni. Ohunkóhun tí o bá fi pamọ́ síbẹ̀ de ọ̀tá, ọwọ́ tiwọn ni yóò kọ́kọ́ bá a.

Tí o bá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ fọwọ́ wò ọ́ bóyá o pé.