Egúngún Ńlá Nídìí Kẹ̀kẹ́ Òkè

Ọjọ́ kejì Iléyá ni, èrò kún ọgbà ìgbafẹ́ fọ́fọ́, oòrùn ń pa tọmọdé tàgbà lórí ìlà, ni Olóyè Ṣówándé bá já dé ìdí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, ó ní fún Bọ́sẹ̀dé tó ń ṣọ́ géètì pé, "Èmi ni n ó kọ́kọ́ gùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn!" Èrò fárígá: ẹni tó bá gba iwájú àwọn kọjá, géètì á wó! Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ké tantan pé, "Háà, Bàbá! Ṣebí egúngún ńlá ló ń kẹ́yìn ìgbàlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn kéékèèké wọ̀nyí kọ́kọ́ jáde ná!" Èrò hó yèè. Olóyè gbọn agbádá, ó lọ dúró gbagidi lẹ́yìn pátápátá. Àfi bí Olóyè Ọ̀nàfówókàn, tí wọ́n jọ ń du ipò, ṣe yọ, ó ní òun kọ́ ni egúngún kékeré, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ máa ṣíwájú!" "Rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣíwájú!" Ìlà ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo ayọ̀ lókè, àwọn olóyè méjèèjì ń fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi bá ara wọn ní títì. Ni Bọ́sẹ̀dé bá rọra pa géètì dé: "Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin bàbá wa. A ti ti ìgbàlẹ̀!"