Láwóyin Ahunṣọ àti Ọ̀pá Ògò Ẹnubodè Ìdíàpáta

Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi ni Ìyá Oníyọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, mo sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ilẹ̀ kan tó ṣófo lẹ́nubodè ìlú wa, Ìdíàpáta. Mo ti já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Ìyá ní, "Ìyàwó, kó búlọ́ọ̀kù ẹ kúrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dí wa mọ́ bí eku inú ihò, ibẹ̀ náà la sì gbà jáde." Ọjà ni mo mọ̀, n kò mọ ìwé púpọ̀. Ohun tí ìyá sọ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, n kò bu iyọ̀ kún un.

Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìlú yìí dó, àpáta ló wà lẹ́yìn wọn, àbàtà ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹnubodè kan ṣoṣo ló wà níwájú. Wọ́n ní ibẹ̀ dára, ogun kò ní rí ibi wọlé. Wọn kò rò ó pé ibi tí ogun kò lè gbà wọlé, onílé náà kò ní lè gbabẹ̀ jáde. Ọ̀dá wá dá, iṣu jóná sínú ebè, Baálẹ̀ sì lọ yá owó ẹyọ lọ́wọ́ jagunjagun olówó kan, Ògúnjìmí Ọwọ́-Odó, ó fi ra oúnjẹ bọ́ ìlú. Ọdún yípo, owó kò yọjú. Láyé ìgbà náà, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn ènìyàn, olówó a máa rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó sí ojúlé ajigbèsè, á ri ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa jẹ, á máa mu, á máa bú bàbá onílé, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ilé ẹnì kan ni wọ́n máa ń dógò tì. Ògúnjìmí ní tirẹ̀ dógò ti odidi ìlú. Ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wá, ó ri ọ̀pá ìrókò mọ́ àárín ẹnubodè, ó ní, "Ẹni tó bá kọjá ọ̀pá yìí láìsan owó mi, orí rẹ̀ ni mo fi gba èlé."

Ògúnjìmí yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ọwọ́-Odó, a-gún-ọkùnrin-bí-ẹni-gúnyán. Ó kan akọ màlúù ní ẹ̀ṣẹ́ kan níwájú orí, màlúù kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Ojoojúmọ́ ni àwọn obìnrin ìlú ń se oúnjẹ fún un, tí àwọn ọmọ tiwọn ń lá ìkòkò. Oko wà lẹ́yìn ọ̀pá. Àwọn ènìyàn dúró lórí àpáta, wọ́n ń wo ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo wọn, wọn kò lè lé e. Omi inú kòtò àpáta di ẹrẹ̀. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ṣe tàgétàgé lọ sí ìdí ọ̀pá, igbe tí ìyá rẹ̀ ké, gbogbo ìlú rò pé ẹnìkan kú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń jà nítorí igbá omi. Afẹ́fẹ́ pàápàá, ó dà bíi pé ó ń tọrọ àyè kó tó wọlé.

Ògúnjìmí náà jókòó títí ó fi sú u. Ó wá ń fi wọ́n ṣeré. Ó ní, "Ẹ̀yin ajigbèsè, ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ́ gbé ẹ̀yìn mi kanlẹ̀, màá fa ọ̀pá mi tu, màá lọ dúró de owó mi nílé. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ọmọ rẹ̀ kan di ìwọ̀fà mi." Àwọn ajàkadì wa jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Ìjàkadì ni ìlú wa mọ̀, ajàkadì a sì máa ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà gbé e. Wọ́n bá ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ọwọ́-Odó. Ó gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n dúró sí, ó kó ọmọ wọn. Nígbà tí kò sí ajàkadì mọ́, ó ní kí Baálẹ̀ máa yan ọmọ fún òun títí ẹni tó lè jà yóò fi jáde. Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí Láwóyin ahunṣọ pé Àṣàkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kàn, pé kó mú un wá lọ́jọ́ ọjà.

Láwóyin Àlàó, ọmọ a-tẹ-igi-ju-ọ̀kọ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó ń hun. Òwú ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà tí ẹnubodè ti dí, ṣùgbọ́n kò yé jókòó sídìí òfì. Ẹsẹ̀ ń tẹ igi ìsàlẹ̀ òfì, ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀, igi kékeré tó ń gbé òwú lọ gbé e bọ̀, láìsí òwú nínú rẹ̀, ṣìkà-ṣakà, ṣìkà-ṣakà. Nígbà tí iṣẹ́ Baálẹ̀ dé, ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́ àpò èèpo àgbàdo. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, dúró, ó ń wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Àṣàkẹ́, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Ṣé ẹ̀ ń lé eṣinṣin ni?"

"Àwẹ̀ró, fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ mú."

"Ọmọ tiyín nìkan? Ta ló wá bí i? Ẹ gbọ́ mi. Bí ẹ bá jókòó sídìí òfì, ẹsẹ̀ yín ń bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀. Ẹ wá dìde, àwọn méjèèjì di orogún. Ọwọ́ yín ń lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ yín ń sùn nílé. Ǹjẹ́ ẹ ti ju ọ̀kọ̀ rí láìkọ́kọ́ tẹ igi?"

Láwóyin yíjú padà sí àpò. Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì síwájú, bí ẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ òsì ń dé. Àpò mì. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún bá a lọ láti ìdí wá. Àpò bẹ́, èèpo àgbàdo tú sílẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ẹ má dúró síbẹ̀ wòran. Ọ̀kọ̀ tó bá lọ, ṣe ló ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà ni Láwóyin ti ń hun aṣọ tí kò lówú kiri ẹ̀yìnkùlé: ẹsẹ̀ a lọ, ẹ̀ṣẹ́ a lọ, ẹsẹ̀ a yà kúrò. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan dábùú èkejì, nítorí ahunṣọ tó bá tẹ igi méjèèjì pọ̀, òwú rẹ̀ á lọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, Láwóyin mú Àṣàkẹ́ lọ sẹ́nubodè, ó ní òun yóò jà. Nígbà tí Ògúnjìmí rí i, ó pa àtẹ́wọ́. "Ìdíàpáta ò lọ́kùnrin mọ́! Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wá bá mi jà!"

Láwóyin ní, "Ìgbálẹ̀ náà kọ́ ló ń kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu ọ̀nà?"

Ọwọ́-Odó ju ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rù ba Láwóyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbàgbé. Ó dúró gbagidi bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ bà á léjìká, apá rẹ̀ kú. Ìlú mí kanlẹ̀. Àṣàkẹ́ ti wà nídìí ọ̀pá, wọ́n ti so okùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró kígbe láàárín èrò, "Bàbá Àṣàkẹ́, igi! Ẹ tẹ igi!"

Ahunṣọ bá tẹ igi. Ṣìkà, ó wọlé. Ṣakà, ó ti kúrò. Ẹ̀ṣẹ́ Ògúnjìmí ń gún afẹ́fẹ́. Láwóyin yí i po sọ́wọ́ òsì, ó ń yí i po, Ọwọ́-Odó sì ń yí ara tẹ̀ lé e bí ọlọ tó wúwo, ó ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, ó ń pariwo pé, "Dúró! Dúró bí ọkùnrin!" Láwóyin ní, "Ẹni tó dúró ló ń gbé inú ẹ̀wọ̀n." Bí òmìrán náà ṣe fẹ́ yí padà kíákíá, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dábùú tòsì. Ahunṣọ rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ dé àgbọ̀n Ògúnjìmí ní ìgbà kan náà, gbogbo ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì wà nínú ẹ̀ṣẹ́ ọ̀hún. Ọwọ́-Odó wá ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró, kò rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ lu ilẹ̀, gbìì!

Kò sẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó tu okùn lọ́wọ́ Àṣàkẹ́, ó dá àwọn ọmọ yòókù padà, ó fa ọ̀pá tu, ó gbé e léjìká, ó lọ sílé. Àwọn ènìyàn dà sínú oko bí omi tó já odi. Àwọn àgbà ìlú wá ní gbèsè ti bá ìjà lọ. Láwóyin dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ìjà ni mo jà, n kò sanwó. Iṣu tí a fi owó yẹn rà, ṣé a kò jẹ ẹ́? Ẹ̀ṣẹ́ kì í san gbèsè. Bí a kò bá san án, ọ̀pá tó kúrò lẹ́nubodè, inú ọkàn wa ni yóò wọlẹ̀ sí."

Ìlú bá gbin òwú. Ibi tí wọ́n ti jà ni wọ́n to òfì sí, wọ́n sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé dí ọ̀nà ibẹ̀ láéláé. Títí dòní, bí ọmọ wa bá kọ́kọ́ jókòó sídìí òfì, ọ̀gá rẹ̀ á ní, "Tẹ igi ná." Wọ́n hun aṣọ, wọ́n tà á, wọ́n kó owó jọ. Láwóyin fúnra rẹ̀ ló rù ú lọ fún Ògúnjìmí. Ògúnjìmí kà á títí, ó wò ó lójú, ó sì wọlé lọ gbé ọ̀pá ìrókò jáde. "Mú un lọ. N kò ní ohun tí mo lè fi ṣe mọ́." Láwóyin gbé e wálé, ó fi ṣe òpó òfì rẹ̀. Òpó náà ṣì wà nínú agboolé wa, mo ti fọwọ́ kàn án, mo sì ti kó búlọ́ọ̀kù mi kúrò lẹ́nubodè. Owó pé, gbèsè tán.